Táblẹ́ẹ̀tì ni kí n rà àbí láptọ́ọ̀pù? Bí ẹ ṣe máa yan èyí tó bá yín mu láìfowó ṣòfò

Ìbéèrè yìí kì í tán. Bí ẹnì kan bá ti kó àjọ, tàbí ọmọ tó wà ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù bá ní òun fẹ́ fi nǹkan ránṣẹ́ sílé, ohun tí wọ́n máa bi mí nìyẹn: "Ẹ jọ̀ọ́, táblẹ́ẹ̀tì ni kí n mú ni àbí láptọ́ọ̀pù?" Mo ti dá èèyàn púpọ̀ lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá yá kí n kọ gbogbo ẹ̀ síbì kan, kí ẹni tó bá tún bèèrè lè rí i kà.

Ẹ̀yin tí mò ń bá sọ̀rọ̀ ni ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ máa wo YouTube, kẹ́ ẹ máa ka ìwé, kẹ́ ẹ pe ọmọ lórí WhatsApp kẹ́ ẹ sì rí ojú ẹ̀ dáadáa, kẹ́ ẹ kọ lẹ́tà ẹgbẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí ọmọ fi ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Ẹni tó ń ṣe fídíò tà, tó ń ya plánù ilé, tàbí tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ sọ́fítíwíà, ẹ lọ ra láptọ́ọ̀pù, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀ rárá.

Èrò tèmi ni pé kì í ṣe owó lẹ máa kọ́kọ́ wò, ọwọ́ yín ni. Ṣé ojú lẹ máa fi lò ó jù ni àbí ọwọ́? Ẹni tó jẹ́ pé wíwò àti kíkà ló pọ̀ jù nínú tiẹ̀, táblẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó jẹ́ pé títẹ̀ àti kíkọ ni, láptọ́ọ̀pù. Lẹ́yìn ìyẹn la máa sọ̀rọ̀ iná, lẹ́yìn iná la tó máa sọ̀rọ̀ owó.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ fi ọjọ́ 7 ṣọ́ ara yín

1. Ẹ wá bébà kan, ẹ fa ìlà sí àárín ẹ̀. Ẹ kọ "ojú" sí apá kan, ẹ kọ "ọwọ́" sí apá kejì.
2. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá ń wo nǹkan tàbí kà nǹkan lórí fóònù tó wá ń ṣe yín bíi pé ojú ẹ̀ kéré jù, ẹ fa igi kan sábẹ́ "ojú".
3. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ tẹ nǹkan tó ju ìlà 10 lọ, tẹ́ ẹ fẹ́ ṣírò owó, tàbí tí ẹnì kan fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ kọ nǹkan sí, ẹ fa igi kan sábẹ́ "ọwọ́".
4. Tó bá jẹ́ pé ẹ tìtorí ẹ̀ lọ sí káfè, ẹ fa igi méjì sábẹ́ "ọwọ́", torí owó àti ìrìn ti bá a lọ.
5. Lọ́jọ́ keje, ẹ kà á. Tí "ojú" bá fi ìlọ́po méjì ju "ọwọ́" lọ, táblẹ́ẹ̀tì lẹ ń wá. Tí "ọwọ́" bá ti tó ìdajì "ojú", láptọ́ọ̀pù ni, torí pé láptọ́ọ̀pù lè ṣe iṣẹ́ ojú náà bó tilẹ̀ wúwo, àmọ́ táblẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ bá ń fi ṣe iṣẹ́ ọwọ́, ìyà ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ohun tẹ́ ẹ ṣe ni kẹ́ ẹ kọ o, ẹ má kọ ohun tẹ́ ẹ ní lọ́kàn láti máa ṣe. Èèyàn tó ra láptọ́ọ̀pù torí pé òun máa kọ́ Excel lọ́dún yìí pọ̀, eruku ló ń bo láptọ́ọ̀pù yẹn lórí wọ́dúróòbù báyìí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé wa. Màámi fẹ̀yìn tì, wọ́n wá fi wọ́n ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àdúgbò. Àwa ọmọ dá owó, a ra táblẹ́ẹ̀tì fún wọn, a ní ó fúyẹ́, kò ní ni wọ́n lára. Lálẹ́ ọjọ́ kan mo jókòó tì wọ́n bí wọ́n ṣe ń kọ owó oṣù àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sí i. Èèyàn bí ogójì ni orúkọ wọn tò sísàlẹ̀, owó ìfipamọ́ wà níbì kan, owó ẹ̀yáwó wà níbì kan, èlé wà níbì kẹta. Wọ́n fẹ́ kọ 15,000 síwájú orúkọ ẹnì kan, ìka wọn lọ tẹ àpótí tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Bí kíbọ́ọ̀dù ṣe yọ báyìí, ó bo ìdajì ojú táblẹ́ẹ̀tì, orúkọ tí wọ́n ń wò pòórá, wọ́n ní láti pa kíbọ́ọ̀dù dé kí wọ́n tó mọ orúkọ ẹni tí wọ́n dé, wọ́n tún ní láti ṣí i kí wọ́n tó lè kọ nǹkan. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n kọ owó ẹlòmíì fún ẹlòmíì níṣojú mi. Nígbà tó yá wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n gbé táblẹ́ẹ̀tì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ní, "Gbé ìwé mi wá jàre."

Mo gbé láptọ́ọ̀pù mi àtijọ́ kan lọ fún wọn lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo ra mouse olówó pọ́ọ́kú sí i. Ìrọ̀lẹ́ méjì ni wọ́n fi kọ àkáǹtì oṣù mẹ́ta tán. Bàámi ló gba táblẹ́ẹ̀tì náà, wọn ò sì gbé e sílẹ̀ mọ́ látìgbà yẹn: Bíbélì láàárọ̀, ìwé ìròyìn lọ́sàn-án pẹ̀lú lẹ́tà tí wọ́n fẹ̀ títí tó fi tóbi bí àtàǹpàkò, bọ́ọ̀lù lálẹ́. Ọ̀sẹ̀ kan lè kọjá kí wọ́n má tẹ lẹ́tà mẹ́wàá. Ilé kan náà nìyẹn o, ohun tí oníkálukú ń fi ọwọ́ ẹ̀ ṣe ló yàtọ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ bi ara yín bí iná ṣe rí ládùúgbò yín

Èyí ṣe pàtàkì fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Nàìjíríà, tó bá sì jẹ́ pé òkè òkun lẹ wà tẹ́ ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ sílé, ẹ pe ẹni tó wà nílé kẹ́ ẹ bi í, torí ẹ ti gbàgbé bó ṣe máa ń rí nígbà tí iná bá lọ fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ṣájà táblẹ́ẹ̀tì sábà máa ń jẹ́ wáàtì 10 sí 25. Ti láptọ́ọ̀pù lásán, wáàtì 45 sí 65 ni. Power bank 20,000 mAh tí gbogbo èèyàn ń rà yẹn, wáàtì-wákàtí 74 (ìyẹn bí iná tó lè gbé pamọ́ ṣe pọ̀ tó) ló wà nínú ẹ̀ lórí ìwé, àmọ́ nǹkan bíi 50 lèyí tó máa dé inú nǹkan tẹ́ ẹ ń ṣájì, ìyókù máa bá ooru lọ. Táblẹ́ẹ̀tì ínṣì 10 ń gba bíi 27. Ìyẹn ni pé power bank kan máa fẹ́rẹ̀ẹ́ kún un lẹ́ẹ̀mejì. Láptọ́ọ̀pù, bóyá lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn náà tó bá jẹ́ èyí tó ń lo ṣájà Type-C, tí power bank náà sì jẹ́ oríṣi tí wọ́n kọ PD sí lára tó lè gbé wáàtì 45 jáde. Èyí tí ẹnu ṣájà ẹ̀ rí roboto bíi ti àtijọ́ ò ní gba power bank lásán.

Torí náà:

- Iná yín ò tó wákàtí 6 lójúmọ́, ẹ ò sì ní íńfátà tàbí sólà: táblẹ́ẹ̀tì ni, àfi tí iṣẹ́ ọwọ́ bá pọ̀ gidi.
- Ẹ ní íńfátà kékeré tàbí sólà: èyíkéyìí ló máa lọ.
- Jẹ́nẹ́ kékeré lẹ gbójú lé: ẹ jẹ́ kó dúró dáadáa kẹ́ ẹ tó ki ṣájà bọ̀ ọ́, ẹ sì yọ ọ́ kẹ́ ẹ tó pa á. Mo ti rí ṣájà láptọ́ọ̀pù tó jóná bẹ́ẹ̀ ju ẹyọ kan lọ.

Ibi tí táblẹ́ẹ̀tì ti ń dá èèyàn dúró

Mi ò ní pẹ́ lórí ohun tó ń ṣe dáadáa, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: ó fúyẹ́, bátìrì ẹ̀ ń pẹ́, èèyàn lè fẹ̀yìn lélẹ̀ kó máa lò ó, èyí tó ní ojú síìmù ò nílò pé ẹ máa ṣí hotspot. Ibi tó ti máa ń dun èèyàn lẹ́yìn tí owó ti lọ ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́.

Tíṣẹ́ bá kan Word àti Excel. Áàpù Microsoft tó wà lórí táblẹ́ẹ̀tì, wọ́n bu oúnjẹ ẹ̀ kù, kì í ṣe gbogbo nǹkan tó wà lórí kọ̀ǹpútà ló wà níbẹ̀. Tí ojú táblẹ́ẹ̀tì yín bá sì ju ínṣì 10.1 lọ, ẹ lè ka fáìlì lọ́fẹ̀ẹ́ àmọ́ kẹ́ ẹ tó lè tún un kọ wọ́n á ní kẹ́ ẹ sanwó. Google Docs àti Sheets lọ́fẹ̀ẹ́ ni, mo máa ń sọ fún èèyàn pé kí wọ́n fìyẹn bẹ̀rẹ̀.

Tọ́mọ bá fẹ́ ṣe JAMB. Òbí púpọ̀ ń ra táblẹ́ẹ̀tì torí ẹ̀, wọ́n ní áàpù ìdánwò wà níbẹ̀. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ lọ́jọ́ ìdánwò orí kọ̀ǹpútà ló máa jókòó sí, ìbéèrè 180 ní wákàtí 2, kíbọ́ọ̀dù ló sì lè fi ṣe gbogbo ẹ̀ láìfọwọ́ kan mouse: A, B, C, D fún ìdáhùn, N láti lọ síwájú, P láti padà sẹ́yìn. Ọmọ tó ti fi ìka tẹ ojú táblẹ́ẹ̀tì fún oṣù mẹ́fà máa ń wá lẹ́tà kiri lọ́jọ́ yẹn, àkókò sì ń lọ. Tó bá jẹ́ táblẹ́ẹ̀tì lẹ ti rà, ẹ ra kíbọ́ọ̀dù Bluetooth sí i, kó máa fi kọ́ ọwọ́, tàbí kẹ́ ẹ wá láptọ́ọ̀pù yá fún un ní oṣù méjì tó kẹ́yìn.

Tó bá kan fáìlì kéékèèké, bíi kẹ́ ẹ gba fọ́tò láti inú flash, kẹ́ ẹ tò wọ́n, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde lórí bébà: ó ṣeé ṣe lórí táblẹ́ẹ̀tì, ẹ máa ra okùn OTG tó ń so flash mọ́ táblẹ́ẹ̀tì, ẹ máa wá áàpù, ẹ máa bínú díẹ̀. Lórí láptọ́ọ̀pù ẹ kàn ki í bọ̀ ọ́ ni.

Tẹ́ ẹ bá ti mú táblẹ́ẹ̀tì: ohun tẹ́ ẹ máa yẹ̀ wò

Kó má kéré sí:

- RAM 4GB, ìyẹn ibi tí áàpù tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ń gbé. 2GB yẹn máa ń lọ́ra láàárín ọdún kan, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ọmọdé ló máa lò ó.
- Àyè 64GB, kó sì ní ojú memory card.
- Ojú tó tó ínṣì 10 tó bá jẹ́ àgbàlagbà ló fẹ́ lò ó. Ínṣì 7 àti 8 ò yàtọ̀ sí fóònù ńlá mọ́.
- Ojú síìmù, tí ò bá sí Wáìfáì nílé.

Ẹ ṣọ́ra fún táblẹ́ẹ̀tì tí ẹ ò gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí tí wọ́n kọ 12GB RAM àti 512GB sára páálí ẹ̀ tí owó ẹ̀ ò sì tó ìdajì ti Samsung tó ní 64GB. Ayédèrú pọ̀ níbẹ̀. Wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń yí iye náà padà nínú Settings kó lè jọ òótọ́. Tó bá dá yín lójú pé ẹ fẹ́ rà á, ẹ gbé fídíò ńlá tó pọ̀ sórí ẹ̀, kẹ́ ẹ wá ṣí èyí tẹ́ ẹ gbé kẹ́yìn bóyá ó máa ṣiṣẹ́.

Àwọn tó ń rà á láti Amẹ́ríkà tàbí Gẹ̀ẹ́sì, ẹ rántí pé táblẹ́ẹ̀tì Amazon Fire ò bá Play Store wá. Owó ẹ̀ máa ń dùn ún gbọ́, àmọ́ màmá tó wà nílé á wá máa pè yín pé báwo lòun ṣe máa rí áàpù báǹkì òun.

Tó bá jẹ́ tokunbọ̀, ẹ ṣe báyìí níwájú ẹni tó ń tà á:

1. Ẹ ní kó rísẹ́ẹ̀tì ẹ̀ lójú yín, ìyẹn kó pa gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ rẹ́, kẹ́ ẹ sì tún un ṣí láti ìbẹ̀rẹ̀ títí tó fi dé ojú ilé. Èyí ni olórí gbogbo ẹ̀.
2. Tó bá jẹ́ iPad tó wá ń bèèrè Apple ID ẹlòmíì, tàbí tí "Remote Management" yọ lójú ẹ̀, ẹ gbé e padà fún un. Ti iléeṣẹ́ tàbí ilé ìwé kan ni, wọ́n lè tì í pa láti ibi tí wọ́n wà. Tó bá jẹ́ Android tó ń bèèrè àkáǹtì Google àtijọ́, bákan náà ni. Ẹ má gbọ́ "mo máa bá yín ṣí i tó bá di ọ̀la."
3. Ẹ fi ìka fa áàpù kan yí gbogbo ojú ẹ̀ ká, láti igun dé igun. Tó bá já bọ́ níbì kan, ibẹ̀ ti kú.
4. Ẹ pe ẹnì kan lórí WhatsApp fídíò, ẹ gbọ́ ohùn, ẹ bi ẹni náà bóyá ó ń gbọ́ yín.
5. Ẹ ki ṣájà bọ̀ ọ́, ẹ mì í díẹ̀. Tí àmì ṣájì bá ń lọ tó ń bọ̀, ẹnu ṣájà ti jẹ.

Tó bá jẹ́ láptọ́ọ̀pù lẹ mú

Ibí yìí ni mo máa pẹ́ sí, torí ibẹ̀ ni owó ti ń ṣòfò jù. Tokunbọ̀ lọ̀pọ̀ wa ń rà, kò sí ohun tó burú níbẹ̀, mo fẹ́ràn láptọ́ọ̀pù ọ́fíìsì tokunbọ̀ ju tuntun olówó pọ́ọ́kú lọ. Tuntun olówó pọ́ọ́kú yẹn sábà máa ń ní àyè 32GB tàbí 64GB tí wọ́n lẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù, Windows nìkan á ti gba èyí tó pọ̀ nínú ẹ̀, ó lè má rí àyè gba àtúnṣe mọ́, ẹ ò sì lè pààrọ̀ ẹ̀.

Ohun tó yẹ kó wà nínú ẹ̀ ni RAM 8GB àti SSD 256GB, ìyẹn ibi ìpamọ́ fáìlì tó yá ju hard disk àtijọ́ lọ. SSD yìí ṣe kókó o. Láptọ́ọ̀pù tó ń lo hard disk àtijọ́ lè gba ìṣẹ́jú púpọ̀ kó tó tàn tán, ẹ̀yin á sì rò pé ó ti bàjẹ́. Kẹ́ ẹ lè mọ èyí tó wà níbẹ̀, ẹ ṣí Task Manager, ẹ lọ sí Performance, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ Disk sí, ó máa sọ fún yín bóyá SSD ni tàbí HDD.

Ọ̀rọ̀ Windows ló kàn. Microsoft ti dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ dúró lórí Windows 10 láti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025. Látìgbà yẹn, láptọ́ọ̀pù tí ò lè gbé Windows 11 ń pọ̀ lọ́jà, owó ẹ̀ sì ń wálẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa sọ fún yín pé "ẹ̀dínwó" ni. Intel, ìyẹn ọpọlọ tó ń gbé ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù ṣiṣẹ́, ó gbọ́dọ̀ tó ìran kẹjọ. Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n rọrùn: ẹ wo nọ́ńbà tó tẹ̀ lé i3, i5 tàbí i7. i5-8250U, ìran kẹjọ ni, ẹ mú un. i5-7200U, ìran keje, ẹ fi í sílẹ̀. i5-1035G1, 10 ló fi bẹ̀rẹ̀, ìran kẹwàá ni ìyẹn, kì í ṣe ìkíní. Ẹni tó ń tajà lè sọ fún yín pé Windows 11 ti wà lórí ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ ṣì ka nọ́ńbà yẹn, torí ọgbọ́n wà tí wọ́n fi ń gbé Windows 11 sórí èyí tí ò yẹ, àtúnṣe sì lè máà wọlé mọ́ tó bá yá.

Ẹ ṣe àwọn nǹkan yìí kẹ́ ẹ tó ka owó:

1. Ẹ yọ ṣájà, kẹ́ ẹ lò ó fún ogún ìṣẹ́jú láìkì í bọ̀ ọ́. Tí bátìrì bá já láti 90 wá sí 50 láàárín àkókò yẹn, ẹ ti mọ ohun tẹ́ ẹ ń rà.
2. Ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows, ẹ kọ cmd, ẹ tẹ Enter, ẹ wá kọ powercfg /batteryreport. Ó máa sọ ibi tó gbé àbọ̀ náà pamọ́ sí, ẹ ṣí i. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ DESIGN CAPACITY àti FULL CHARGE CAPACITY. Tí àkọ́kọ́ bá jẹ́ 50,000, tí ìkejì wá jẹ́ 31,000, bátìrì náà ti lọ dé 62 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ fi ìyẹn bẹ owó wálẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ ní kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀.
3. Ẹ ṣí Notepad, ẹ tẹ gbogbo lẹ́tà àti nọ́ńbà lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn. Lẹ́tà kan tí ò dáhùn, gbogbo kíbọ́ọ̀dù ni wọ́n sábà máa ń pààrọ̀.
4. Ẹ pa á, ẹ tún un tàn, ẹ tẹ F2, F10 tàbí Del bí irú ẹ̀ ṣe rí. Tó bá bèèrè pásíwọ̀ọ̀dù kó tó jẹ́ kẹ́ ẹ wọ BIOS, ìyẹn ibi ètò tó máa ń ṣí ṣáájú Windows, ẹ má rà á. Mo rà irú ẹ̀ rí, ọkàn mi balẹ̀ torí gbogbo nǹkan ń ṣiṣẹ́, àfi ìgbà tí Windows bàjẹ́ tí mo fẹ́ gbé tuntun sí i, láptọ́ọ̀pù ò jẹ́ kí n wọlé. Owó tí mo ná láti ṣí i fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́ta owó tí mo fi rà á.
5. Ẹ ṣí i ẹ pa á dé ní ìgbà márùn-ún, ẹ tẹ́tí sí orúnkún ẹ̀, ìyẹn ibi tí ojú ẹ̀ ti so mọ́ kíbọ́ọ̀dù. Tó bá ń dún, tí ara ike ẹ̀ sì ń ya díẹ̀díẹ̀ níbẹ̀, kò ní pẹ́.
6. Ẹ ṣí ojú ìwé funfun kan kó kún ojú ẹ̀, ẹ wò ó bóyá àmì dúdú tàbí ìlà wà níbẹ̀.
7. Ẹ ki flash bọ gbogbo ojú USB ẹ̀, ẹ so ó mọ́ hotspot fóònù yín, ẹ ṣí kámẹ́rà.
8. Ẹ gba rìsíìtì tí nọ́ńbà ara láptọ́ọ̀pù wà lórí ẹ̀, kì í ṣe "one laptop" lásán. Tí wọ́n bá wá ń wá ọjà olè, rìsíìtì yẹn ló máa sọ̀rọ̀ fún yín.

Tí oníṣòwò bá ń kánjú yín tẹ́ ẹ ń ṣe èyí, ẹ dìde. Ọjà ò tán.

Ọ̀rọ̀ Chromebook, ìyẹn láptọ́ọ̀pù tó ń lo sọ́fítíwíà Google dípò Windows: ó dára fún ẹni tó jẹ́ pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni gbogbo nǹkan ẹ̀ wà, bátìrì ẹ̀ ń pẹ́, kì í lọ́ra. Àmọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ọjọ́ tí àtúnṣe Google máa parí lórí ẹ̀, ẹ wá ọjọ́ yẹn nínú Settings kẹ́ ẹ tó rà á, torí èyí tí ọjọ́ ẹ̀ ti lọ pọ̀ lọ́jà tokunbọ̀. Ẹ má sì rà á fún ẹni tí dátà ẹ̀ kì í wà déédéé.

Dátà: ohun tí láptọ́ọ̀pù ń jẹ lẹ́yìn yín

Tẹ́ ẹ bá ṣí hotspot fún láptọ́ọ̀pù, kò mọ̀ pé dátà tẹ́ ẹ fowó rà ni, ó rò pé Wáìfáì ilé ni, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í fa àtúnṣe Windows tó tóbi. Ẹ jí láàárọ̀, dátà oṣù kan ti lọ. Kẹ́ ẹ tó ṣe nǹkankan: Settings, Network & internet, Wi-Fi, ẹ tẹ orúkọ hotspot yín, ẹ wá tan Metered connection. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni fún hotspot kọ̀ọ̀kan. Lórí táblẹ́ẹ̀tì, inú Play Store lẹ ti máa sọ pé kó má ṣe àtúnṣe áàpù àfi lórí Wáìfáì, kẹ́ ẹ sì dín bí àwòrán YouTube ṣe mọ́ kedere tó kù sí 480p. Lójú ínṣì 10, ẹ ò ní rí ìyàtọ̀ tó fi bẹ́ẹ̀ pọ̀.

Ọ̀nà àárín, tí owó ò bá tó méjèèjì

- Táblẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú kíbọ́ọ̀dù Bluetooth àti nǹkan tí wọ́n fi ń gbé e dúró: ó máa gbé ẹni tó ń kọ lẹ́tà méjì lọ́sẹ̀. Kò ní gbé akọ̀wé alájẹṣẹ́kù.
- Láptọ́ọ̀pù tí ojú ẹ̀ ń yí padà sẹ́yìn di táblẹ́ẹ̀tì: ó dùn ún rí, àmọ́ ó wúwo fún dídì mú lórí bẹ́ẹ̀dì, tí ojú ẹ̀ bá sì fọ́, owó ńlá ni.
- Láptọ́ọ̀pù tokunbọ̀ pẹ̀lú fóònù tẹ́ ẹ ní tẹ́lẹ̀: èyí ni mo máa ń sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ fásitì. Fóònù ti ń ṣe iṣẹ́ táblẹ́ẹ̀tì tẹ́lẹ̀.
- Ẹ má ra ìkankan. Tí igi tẹ́ ẹ fà lọ́jọ́ méjèèje ò bá tó mẹ́wàá lápapọ̀, fóònù yín tó, ẹ máa lọ sí káfè tó bá di pé ẹ fẹ́ tẹ̀wé. Mi ò sọ ọ́ kí n fi dùn yín o, owó yẹn lè ra sólà kékeré.

Àṣìṣe tí mo máa ń rí jù

Kí wọ́n ná gbogbo owó sórí nǹkan náà, kò wá ku ti àpò. Ẹ yọ bí ìdá kan nínú mẹ́wàá sọ́tọ̀ fún àpò, gíláàsì tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ojú ẹ̀ kó má bàa fọ́, kíbọ́ọ̀dù tàbí mouse. Táblẹ́ẹ̀tì tọ́mọdé máa lò láìní àpò onírọ́bà, ẹ ti ra ojú tuntun sílẹ̀ nìyẹn.

Kí wọ́n ra ẹyọ kan fún ilé odindi. Ọmọ á máa fi gbá géèmù, bàbá á fẹ́ wo ìròyìn, àkáǹtì báǹkì ìyá sì wà nínú ẹ̀. Tó bá tilẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan ni agbára yín ká, ẹ ṣí àkáǹtì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún oníkálukú. Windows gbà á, ọ̀pọ̀ Android náà gbà á, iPad ilé ò gbà á.

Kí wọ́n ra láptọ́ọ̀pù ínṣì 15.6 fún ẹni tó máa ń gbé e kiri lórí ọ̀kadà. Ínṣì 14 tó.

Ọjọ́ tó bá wọlé

1. Ẹ ṣájì í kó kún kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀.
2. Ẹ ṣí àkáǹtì Google, Apple tàbí Microsoft tiyín, ẹ kọ pásíwọ̀ọ̀dù ẹ̀ sínú ìwé tó wà nílé. Tó bá jẹ́ àgbàlagbà ló ni ín, kí ọmọ kan náà mọ̀ ọ́n.
3. Ẹ jẹ́ kó ṣe àtúnṣe ẹ̀ lórí Wáìfáì ẹnì kan tó ní, kó tó kan dátà yín.
4. Ẹ tan wíwá nǹkan tó sọnù: Find My Device lórí Windows, Find Hub lórí Android, Find My lórí iPad.
5. Ẹ fẹ̀ lẹ́tà ojú ẹ̀ fún àgbàlagbà báyìí, ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá bèèrè. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í bèèrè, wọ́n kàn máa ń gbé e sílẹ̀ ni.
6. Ẹ fi kíbọ́ọ̀dù Yorùbá sí i. Lórí Android, inú Gboard, ẹ lọ sí Languages, ẹ fi Yorùbá kún un. Lórí Windows, Settings, Time & language, Language & region, Add a language, ẹ wá Yoruba. Ẹ wá tẹ ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ wò. Tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá jáde bó ṣe yẹ, ẹ máa lò ó.